Lẹ́tà Olójú-Ewé Mẹ́tàlá tí Pírínsípà Awóníyì Kọ sí Amẹ́ríkà

Bísímílà. Kí ìtàn yìí tó lè gbéra, a ní láti kọ́kọ́ kí ọ̀gá, nítorí pé ní ilé-ìwé girama Òkè-Ìmọ̀ ní Igbó-Ọrà, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu sọ ohunkóhun láìjẹ́ pé ó ka oyè ọ̀gá tán. Ó yá o. Olóyè Babáwálé Awóníyì, Pírínsípà Àgbà, Ìmọ́lẹ̀ Ìbàràpá, Adájọ́ Àlàáfíà, Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fẹ̀yìntì, Ọ̀mọ̀wé Lọ́la. Ọ̀mọ̀wé Lọ́la, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọdún kọkànlá rèé tó ti forúkọ sílẹ̀ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kò sì tíì kọ ju àkọlé lọ, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ènìyàn bá ń jẹ oyè náà lọ́wọ́ kan kí ìwé tó dé.

Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀gá. Malachi, igbákejì pírínsípà, ló máa ń kà á. Wọ́n ń kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kí wọ́n tó fún àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó ṣí ilé ìyàgbẹ́ tuntun. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọdébìnrin kan dákú lórí ìlà nígbà tí Malachi ń kà á lọ́wọ́. Àwọn tó gbé ọmọ náà ti ń sáré lọ kí Pírínsípà tó na ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n dúró kí ìpínrọ̀ náà parí, pé kò bójú mu kí ènìyàn kọ ẹ̀yìn sí ọdún tí wọ́n bí òun. Wọ́n dúró. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ jí kí ìpínrọ̀ náà tó parí, Pírínsípà sì ní kí wọ́n fi kún ìwé náà pé ìtàn òun ń jí ẹni tó dákú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti táǹkì omi náà. Àwọn ọmọ Igbó-Ọrà tó wà ní Èkó ni wọ́n rà á fún ilé-ìwé. Orí òkè ni àwọn kíláàsì wà, ẹni tó fẹ́ gbé táǹkì náà kalẹ̀ sì ní ẹ̀yìn kíláàsì lókè ló yẹ ẹ́. Pírínsípà ní rárá. Ó ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá ti máa rí orúkọ òun kà lára rẹ̀. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo oyè náà sára rẹ̀ yípo, débi pé ẹni tó bá fẹ́ kà á tán ní láti yí táǹkì náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Omi kò gun òkè. Àwọn ọmọ ń sọ̀kalẹ̀ wá pọn omi, wọ́n sì ń rù ú padà lọ sókè.

Ọmọ kíláàsì karùn-ún kan ya àwòrán òkè àti táǹkì náà sínú ìwé, ó kọ gbólóhùn méjì sí abẹ́ rẹ̀ pé táǹkì gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ kí omi tó lè jáde, ó sì fi í sórí tábìlì Pírínsípà. Pírínsípà kà á. Kò rí oyè kankan lókè ìwé náà. Ó ní ọmọ náà kọ̀wé sí àgbà láìgba ọ̀dọ̀ olùkọ́ kíláàsì kọjá, láìgba ọ̀dọ̀ igbákejì kọjá. Ọmọ náà gé koríko fún ọjọ́ mẹ́ta. Pírínsípà kò béèrè orúkọ rẹ̀, kíláàsì tó wà nìkan ló béèrè.

Ṣàkírát ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀yin náà ti rí bí nǹkan ṣe ń lọ nílé-ìwé yìí.

Ìdèrè ni Ṣàkírát ti ń wá. Hàlímọ̀, ìyá rẹ̀, ń yan gààrí, bàbá rẹ̀ sì ti di olóògbé. Ọmọ tí kì í pariwo ni. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á fi èédú kọ ìṣirò sára ògiri ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan gààrí, àwọn ọmọ àdúgbò á sì jókòó sílẹ̀, á máa kọ́ wọn. Nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá, kò sí èyí tí kò yege nínú gbogbo iṣẹ́ mẹ́sàn-án tó ṣe. Olùkọ́ Tàófíìk, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti kọ̀ǹpútà, ló wá bá a rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, tó sì máa ń gbé owó ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ibùsùn wọn fúnra rẹ̀ bí ọmọ náà bá dára tó. Ṣàkírát lọ ṣe ìdánwò tí wọ́n ní kó ṣe ní Ìbàdàn. Èsì rẹ̀ jáde, Olùkọ́ Tàófíìk kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á gbọ́. Ọmọ náà kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ nípa ara rẹ̀, Olùkọ́ Tàófíìk náà fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó wá ku ẹyọ ohun kan: lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ máàkì ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí ayélujára kí ọdún tuntun tó wọlé. Bí kò bá dé, wọn kò ní wo ìwé ọmọ náà rárá.

Hàlímọ̀ àti ọmọ rẹ̀ gun ọ̀kadà wá sí Igbó-Ọrà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí lẹ́tà yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n bá páálí kan lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Ọ̀gá ń ronú. Wọ́n jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń ronú síbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Nígbà kejì, Hàlímọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó gbàgbé Adájọ́ Àlàáfíà. Malachi fi ọ̀wọ̀ sìn ín jáde, ó ní kó lọ tún un ṣe kó tó padà wá. Hàlímọ̀ lọ tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń ka oyè náà nídìí agbada gààrí, ó ń rò ó bó ṣe ń ro gààrí. Nígbà kẹta tó dé, kò fo ẹyọ kan. Inú Pírínsípà dùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi dé orí Amẹ́ríkà, ó wá di ojú.

"Ìyá," ó ní, "ta ni wọ́n ní kó kọ lẹ́tà náà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Wọ́n dárúkọ mi?"

"Wọ́n ní ọ̀gá ilé-ìwé, sà."

"Èmi náà nìyẹn." Ó fẹ̀yìn ti àga. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé Amẹ́ríkà máa wá mi kàn. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wá ni mi ò mọ̀."

Hàlímọ̀ rọra ní ọmọ òun ni wọ́n fẹ́ gbà. Pírínsípà ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà wà níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti kọ lẹ́tà ojú ewé kan. Àwọn méjì ń bójú tó fọ́tò ọ̀gá, nítorí ọ̀gá ní Amẹ́ríkà kò ní fẹ́ ka lẹ́tà ẹni tí wọn kò rí ojú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ń wá ọ̀rọ̀ ńláńlá nínú ìwé atúmọ̀. Malachi ni alága. Olùkọ́ Tàófíìk ni wọ́n ní kó máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mú kó búra pé kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fi odindi ọjọ́ kan jiyàn bóyá "ìmọ́lẹ̀" tó tàbí kó jẹ́ "oòrùn".

Lẹ́tà náà gùn dé ojú ewé mẹ́tàlá. Ojú ewé kìíní sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ̀gá àti bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìkẹrin sọ gbogbo ilé tó ti kùn ní ọ̀dà. Ìkẹsàn-án sọ̀rọ̀ nípa táǹkì. Nígbà tí Olùkọ́ Tàófíìk tẹ̀ ẹ́ dé ojú ewé kejìlá, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tíì dárúkọ ọmọ náà."

Pírínsípà wò ó bí ẹni wo eṣinṣin inú ọbẹ̀. "Tàófíìk, ṣé nílé tìẹ, ọmọdé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí? Kí wọ́n tó pe àlejò sórí tábìlì gíga, ṣé kì í ṣe ìtàn alága ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lọ sí ìpàdé kan rí ní àgbègbè wa mọ̀ pé wọ́n lè ka ìtàn alága títí tí oòrùn á fi wọ̀, kí ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pèjọ má ráyè sọ̀rọ̀. Ohun tí Pírínsípà mọ̀ ló ṣe. Ó wá yọ̀ǹda ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹtàlá fún ọmọ náà. Ó ní kí Tàófíìk kọ ọ́ pé: "Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nílé-ìwé mi tó ń jẹ́ Ṣàkírát. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ̀ mí."

Fọ́ọ̀mù kan tún wà tí wọ́n ní kí ọ̀gá dáhùn. Wọ́n béèrè pé ó ti tó ìgbà wo tí ó ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Pírínsípà ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Wọ́n ní ṣé ẹni náà wà lára àwọn tó dára jù lọ tó ti bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n fàmì sí i, kí wọ́n sì fà á kó nípọn. Tàófíìk gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ọmọ náà ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n Pírínsípà ti dìde, ó ń ṣe àdúrà lé kọ̀ǹpútà náà lórí. Àkọsílẹ̀ máàkì ọdún mẹ́fà ńkọ́? Pírínsípà ní àwọn tó bá ti ka ojú ewé mẹ́tàlá nípa òun kò tún ní béèrè máàkì ẹnikẹ́ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi tẹ lẹ́tà náà lọ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ. Malachi pàtẹ́wọ́ fún àtàǹpàkò náà.

Ṣàkírát béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ bóyá lẹ́tà ti lọ. Olùkọ́ Tàófíìk ní ó ti lọ. Ó ní kó máa gbàdúrà gidigidi, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní, èsì dé sínú ímeèlì Pírínsípà. Àmì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà lára rẹ̀. Olùkọ́ Tàófíìk rí ìlà àkọ́kọ́ kó tó ṣí i: wọ́n nílò ìdáhùn ọ̀gá kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí, nítorí ọ̀rọ̀ Ṣàkírát. Ó na ọwọ́ láti ṣí i. Pírínsípà gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Kí ni wọ́n ní wọ́n nílò?"

"Ìdáhùn yín, sà. Kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí."

"Wọ́n nílò mi," ni Pírínsípà wí fún Malachi.

Malachi ní òun ti rí i lójú àlá. Pírínsípà ní lẹ́tà Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣí nínú yàrá bí ìwé gbèsè. Ojú gbogbo Ìbàràpá ni wọ́n ti máa ṣí i, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún gan-an tí wọ́n nílò òun. Tàófíìk bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn kàn yọjú wo inú rẹ̀, pé ó lè jẹ́ ohun tó kánjú. Pírínsípà gbé kọ̀ǹpútà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọjọ́ méje tí ọmọ ọlọ́mọ ní láti fi tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló lò ó.

Ní ọjọ́ méje náà, Pírínsípà múra ìrìn àjò. Ó ra kóòtù tó nípọn kan ní òkìrìkà, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ nínú òjò dídì. Ó dágbére fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣèlérí àga rẹ̀ fún Malachi, ó tún ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni méjì mìíràn. Wọ́n tẹ káàdì ìpè pé Amẹ́ríkà máa wà níjókòó, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Nítorí káàdì yìí ni Ìyáàfin Oyinadé, aṣàbẹ̀wò ilé-ìwé, ṣe wá. Ó fẹ́ mọ ibi tí Amẹ́ríkà máa jókòó sí.

Ọjọ́ pé. Ọyẹ́ mú láàárọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sán, oòrùn ti ń jó. Àwọn ìyá ti Ìdèrè wá, ti Ẹrúwà àti Tápà náà wá, Hàlímọ̀ sì jókòó lẹ́yìn lábẹ́ àtíbàbà. Pírínsípà gúnwà nínú kóòtù. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí omi tó yẹ kó wà lókè, ni Malachi bá fa ọmọbìnrin kan tó dúró nítòsí, ó kó abẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó máa fẹ́ ọ̀gá. Ṣàkírát ni. Ó fẹ́ ọ̀gá fún ogójì ìṣẹ́jú tí Malachi fi ka Ìtàn Ìgbésí Ayé. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ìbàràpá," ó ní, "ẹ wò mí dáadáa, nítorí ó lè pẹ́ kí ẹ tó tún rí mi. Ayé ń pè mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìpè náà, ṣùgbọ́n mo ní kí ayé ṣì dúró ná, kí n kọ́kọ́ ṣe tiyín. Mo ti ṣe tiyín. Ẹ má sunkún." Kò sí ẹni tó ń sunkún. "Tàófíìk, fi ẹ̀rọ gbé lẹ́tà náà sójú aṣọ funfun yẹn kí gbogbo ayé rí i. Kà á, kí o sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ìyá wa. O ò gbọdọ̀ fo gbólóhùn kan."

Olùkọ́ Tàófíìk ti ka lẹ́tà náà tán lójú kó tó gbé e síta. Ó sún mọ́ ọ̀gá, ó ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kà á fún un nìkan. Pírínsípà ní kó kà á síta. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Pírínsípà gba máìkì, ó ní kí gbogbo ènìyàn wo bí ìlara ṣe ń ṣe olùkọ́ kékeré. Tàófíìk gba máìkì padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà.

"Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì ọ̀wọ́n. A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín, a sì ti ka gbogbo ojú ewé mẹ́tàlá rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"A ti wá mọ ohun púpọ̀ nípa yín."

Malachi fò sókè, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Pírínsípà tún kóòtù ṣe.

"A mọ bí òjò ṣe rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bí yín. A mọ àwọ̀ ọ̀dà tí ẹ fi kun yàrá àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń wá ilé-ìwé."

Ẹnì kan ṣì ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó tì í di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbólóhùn méjì péré la rí nípa Ṣàkírát. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó mọ̀ yín. A bá a yọ̀, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ sọ nínú fọ́ọ̀mù pé ẹ ti mọ̀ ọ́n fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ìwé rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Tápà, ó sì ń bọ̀ níwájú bí iná ọyẹ́ tó ran koríko. Tàófíìk kò dúró. Ohun tó kù ló kán an lójú.

"Gbogbo ìwé ọmọ yìí yòókù wù wá púpọ̀, ó sì máa dùn wá láti ti fáìlì rẹ̀ nítorí èyí. Bí ojú ewé kan ṣoṣo nípa òun nìkan bá dé ọ̀dọ̀ wa kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tó parí, pẹ̀lú máàkì rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì fọwọ́ sí i, a ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Bí kò bá dé, á jẹ́ pé ó parí nìyẹn."

Tàófíìk gbé máìkì sílẹ̀. "Òní ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún," ó ní.

Hàlímọ̀ dìde. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Ó rìn wá síwájú, kò kúnlẹ̀, kò sì ka oyè kankan.

"Ọ̀gá," ó ní, "kí lẹ mọ̀ nípa ọmọ mi?"

Pírínsípà gbọn kóòtù. "Ìyá, mo mọ gbogbo ọmọ mi bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi. Ṣàkírát jẹ́ ọmọ tó, tó lórí pípé. Ó ga. Òun ló jókòó yẹn." Ó nawọ́ sí ọmọ kan ní ìlà kejì.

Ọmọ náà dìde. Ó ní Làtíífàt lorúkọ òun, sà, kíláàsì kejì.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn ọ̀gá, níbi tí Ṣàkírát dúró sí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Pírínsípà yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó.

"Ìwọ ńkọ́," ó ní, "kí ló dé tí o dá abẹ̀bẹ̀ dúró?"

Ibẹ̀ ni Ìyáàfin Oyinadé ti dìde. Ó béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ máàkì àwọn ọmọ wà. Pírínsípà ní ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì. Kàlẹ́ńdà ló kún wọn, ọdún mẹ́sàn-án kàlẹ́ńdà tí fọ́tò ọ̀gá wà lójú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ní bóyá ikán ti jẹ ìwé náà. Malachi ti gbé àga wá fún Ìyáàfin Oyinadé nígbà náà, ó ti nu àga náà, ó sì ti ń pe obìnrin náà ní Ìmọ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ó ní òun mọ ibi tí ìwé wà, òun kàn ń bẹ̀rù láti sọ tẹ́lẹ̀ ni. Abẹ́ pèpéle tí ọ̀gá dúró lé lórí ni wọ́n kó o sí, nínú àpò sìmẹ́ǹtì, kí kàlẹ́ńdà ọ̀gá lè ráyè nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí ọ̀gá sọ̀kalẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì tú pèpéle náà.

Àwọn ìyá jókòó sórí pápá, wọ́n tú àpò mẹ́rìndínlógún, wọ́n ń gbé gbogbo ewé tí orúkọ Ṣàkírát bá wà lórí rẹ̀ fún Tàófíìk. Ikán ti jẹ etí àwọn kan, ṣùgbọ́n máàkì hàn. Ti kíláàsì kẹta nìkan ni kò tètè yọjú. Wọ́n kírun àsárì, wọ́n padà síbẹ̀. Ṣàkírát náà ń bá wọn ṣí ìwé. Hàlímọ̀ ló rí i nígbẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ àpò tó kẹ́yìn. Kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dá orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Ìyáàfin Oyinadé wá ní kí àwọn tó mọ ọmọ náà sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Tàófíìk sọ ti táǹkì, ti àwòrán, àti ti koríko ọjọ́ mẹ́ta. Aṣàbẹ̀wò náà rìn lọ sẹ́nu géètì, ó wo táǹkì, ó wo òkè, ó padà wá, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá kan láti Ìdèrè sọ ti ògiri tí wọ́n fi èédú kọ, pé ara rẹ̀ ni ọmọ òun mẹ́ta ti mọ ìṣirò. Ó wá kan Hàlímọ̀. Ó ní, "Bó bá ba nǹkan jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá sọ fún mi, kí n tó rí i." Tàófíìk kọ ìyẹn náà sí i. Kò kún ojú ewé kan.

Ó wá ku ìfọwọ́sí. Pírínsípà mú bírò, ó wo ojú ewé náà lókè títí dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ara rẹ̀.

"Níbo ni àwọn oyè máa wà?" ó béèrè.

"Orúkọ yín nìkan," ni Ìyáàfin Oyinadé wí.

Ó kọ ọ́. Babáwálé Awóníyì. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí orúkọ náà láìwọṣọ, ó sì dà bí ẹni pé òtútù ń mú un, ó fa kóòtù mọ́ra. Lẹ́tà lọ. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀sán kò tíì pọ́n.

Ìròyìn Ìyáàfin Oyinadé kò gùn ju ti Tàófíìk lọ. Kí oṣù kejì tó parí, wọ́n ti mú Awóníyì kúrò ní Òkè-Ìmọ̀, wọ́n fún un ní tábìlì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú ìwé ńlá, ìlà kan fún ọmọ kan. Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn, kì í rí i. Malachi rò pé òun ni wọ́n máa gbé sórí àga, ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé tirẹ̀. Obìnrin kan láti Ṣakí ni wọ́n gbé wá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Malachi yọ ìwé jáde láti kà, obìnrin náà ní kó jọ̀ọ́ kó pe orúkọ àwọn ọmọ tí kò wá. Wọ́n ti gbé táǹkì lọ sókè. Ọ̀dà tí wọ́n fi kọ oyè náà kò tíì ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kíláàsì ló kọjú sí, àwọn ewúrẹ́ nìkan ló ń kà á.

Ẹ̀yin kò béèrè Awóníyì lọ́wọ́ mi, mo mọ̀. Ọmọ náà lẹ ń béèrè.

Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi dúró. Hàlímọ̀ kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń pẹ́ sí i lórí ìforíkanlẹ̀ ìrun àsùbáà. Ní ìparí oṣù kẹta, ní ọjọ́ Jímọ̀, ó wà nídìí agbada, ó ń ro gààrí, nígbà tí Ṣàkírát wọlé pẹ̀lú fóònù. Ọmọ náà kò sáré. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó na fóònù náà sí i.

"Kà á fún mi ní Yorùbá," ni Hàlímọ̀ wí. Kò yí ojú kúrò nídìí iná.

"Wọ́n ní, Ṣàkírát ọ̀wọ́n, inú wa dùn láti sọ fún ọ pé a ti gbà ọ́. Wọ́n ní àwọn máa gbé gbogbo rẹ̀, ẹ̀kọ́, oúnjẹ, ibùsùn. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní oṣù kẹjọ."

Hàlímọ̀ gbé igbá tó fi ń ro gààrí sílẹ̀. "Ta ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ?"

"Èmi ni, Ìyá mi."

"Kò sí ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ?"

"Kò sí."

Gààrí ti bẹ̀rẹ̀ sí jóná nínú agbada, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ibẹ̀. Hàlímọ̀ jókòó lórí àpò, ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà," ó ní.